Ẹ̀gbọ́n Tó Ta Ṣọ́ọ̀bù Irun Fún Mi

"Mo kàn ní kí n yà kí ẹ ni o." Bí ẹ̀gbọ́n tó ta ṣọ́ọ̀bù irun wọn fún mi ní Ṣàgámù ṣe máa ń wọlé láràárọ̀ nìyẹn, òòyà á ti wà nínú irun wọn. Kí wọ́n tó jókòó, wọ́n á ti gba oníbàárà lọ́wọ́ mi: "Rọra! Ìpàkọ́ ìyàwó tíṣà yìí máa ń tètè dùn ún."

Ó sú mi lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ ti ta ṣọ́ọ̀bù yìí?"

"Mo ta díráyà, mo ta jígí. Ta ló ní mo ta orí àwọn èèyàn mọ́ ọn?" Wọ́n wo irun tèmi, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n fa àga. "Jókòó. Tìẹ gan-an ló burú jù."

Mo jókòó sórí àga tí mo fowó ara mi rà.