Ọwọ́ Kì í Purọ́

Aago ọ̀gá mi ṣì wà lórí ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wa ní Ajara. Wọn kì í tan ṣáńdà, ẹ̀rọ tí a fi ń ha pákó kó lè dán, láìkọ́kọ́ bọ́ aago ọ̀hún. Wọ́n á ní, "Bẹ́líìtì tó ń yí yìí ò mọ igi yàtọ̀ sí ẹran ara." Bí mo bá dá ẹ̀rọ náà dúró lójú kan, wọ́n á figbe ta: "Máa rìn! Ṣé kòtò lo fẹ́ gbẹ́ ni?" Tí mo bá ha pákó tán, wọ́n á dijú, wọ́n á fi ọwọ́ ọ̀tún pa á lára. "Ojú máa ń purọ́, ọwọ́ kì í purọ́."

Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún yẹn báyìí, síbẹ̀ wọ́n ń wá láràárọ̀. Èmi ni mò ń bá wọn gbé ọwọ́ náà lé ilẹ̀kùn tí mò ń ṣe fún apẹja kan ní Ajido. Wọ́n á dijú. "Kò tíì dán." Ilẹ̀kùn tó ti ń dán bíi dígí láti ìjẹta! Mo ti ha á títí ó fi fẹ́lẹ́ bíi páànù, kò ṣeé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún wọn pé ọwọ́ ló ń purọ́?

Lónìí, omi bọ́ lójú wọn. "Jọ̀ọ́, tún un ha."

Mo bọ́ aago mi, mo fi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, mo sì tún tan ṣáńdà.