Ìyá Tó Ní Kí Bàbá Mi Má Gun Ọ̀pẹ

Nígbà tí mo wà ní kékeré, àìsàn ọkàn kì í pa ènìyàn ní Ìlá. Aráyé là ń sọ pé ó pa á. Bí àgbàlagbà bá ṣubú lójijì, a kì í bèèrè ohun tó ṣe é, ẹni tó ṣe é là ń wá. Ẹ̀yin ọmọ mi, irú ìwákiri bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ba aládùúgbò wa kan lórúkọ jẹ́ nítorí bàbá mi, n kò sì ní gbé ọ̀rọ̀ náà mọ́ra lọ sí sàréè.

Akọ̀pẹ ni bàbá mi. Opó ni ìyá aládùúgbò wa náà, ògiri kan ló là wá láàárín, ọṣẹ dúdú ló sì ń sè. Bàbá mi ló ń kó ìdì ẹyìn tí a ti yọ èso rẹ̀ fún un láti fi sun eérú tó fi ń sè é. Ní àràárọ̀, bí bàbá mi bá ti gbé igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ kọ́ èjìká, ìyá náà á ké sí i pé, "Akọ̀pẹ, ẹ bá mi kí ọ̀pẹ o!" Bàbá mi á ní, "Ìyá ọlọ́ṣẹ, ẹ̀yin náà ẹ bù díẹ̀ fi wẹ̀ kí n tó dé!"

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá náà kò ṣàwàdà. Ó wo ẹsẹ̀ bàbá mi tó wú, ó gbọ́ bó ṣe ń mí hẹlẹ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gun ọ̀pẹ lónìí. Mo ń gbúròó yín láti ẹ̀yìn ògiri. Ẹ kì í lè sùn mọ́ àfi tí ẹ bá jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi ṣe kó tó lọ." Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní ẹyìn kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìdí ọ̀pẹ ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀ ní ọ̀sán. Kò tilẹ̀ tíì gùn ún.

Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ìkìlọ̀ ìyá náà fún àwọn àgbà ilé wa. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún un pé yóò kú?" Báyìí ni àánú rẹ̀ di ẹ̀rí tí wọ́n fi dá a lẹ́bi pé òun ló pa bàbá mi. Kò sẹ́ni tó ra ọṣẹ rẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó kí i. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sí Ọ̀tan Ayégbajú, ó na ọwọ́ sí mi láti dágbére, mo sì sá sẹ́yìn ìyá mi. Ibẹ̀ ló kú sí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà tó yẹ̀ mí wò kéré sí ọmọ mi àbíkẹ́yìn. Ó bèèrè pé, "Bàbá, ṣé ẹ máa ń mí hẹlẹ? Ṣé ẹ lè dùbúlẹ̀ sùn?" Ojú mi kún fún omi, nítorí ọ̀rọ̀ ìyá ọlọ́ṣẹ ni mo gbọ́ yẹn. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú ọkàn mi rẹ̀, àti pé àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa ọkàn àti ọjọ́ ogbó ti ṣàwárí oògùn tó ń ràn án lọ́wọ́. Mo ń lo oògùn mi, mo dín iyọ̀ kù, mo sì ń rìn ní àràárọ̀. Mo ti dàgbà ju bàbá mi lọ dáadáa, oorun mi sì dùn.

Nígbà tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn wálé ọdún tó kọjá, mo ránṣẹ́ pe ọmọ-ọmọ ìyá náà wá sí ìpàdé ẹbí wa. Mo dìde, mo pe orúkọ ìyá náà sókè, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ohun tí ẹnu tèmi dá sílẹ̀. Àbúrò mi kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ẹ jẹ́ ó sinmi." Mo ní, "Ẹni tí a pa irọ́ mọ́ ni kò tíì sinmi." Àwọn ọkùnrin ilé wa dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ ìyá náà. Ó sunkún, ó sì fún mi ní ọṣẹ dúdú kan. Òun náà ń sè é.

Ayé ti yí padà, mo sì dúpẹ́ pé ó ṣojú mi. Nínú agboolé wa lónìí, bí ẹsẹ̀ àgbàlagbà bá wú, ilé ìwòsàn là ń gbé e lọ, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ rí i là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.