Nígbà Tí Ìgbẹ́ Ọmọ Mi Funfun Bí Ẹ̀kọ

Òórùn àdí àgbọn ló máa ń mú mi rántí ìgbà náà. Yàrá kan ni èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Ìkọ̀tún, ìyá ọkọ mi sì ti wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti máa bá wa wẹ ọmọ. Tí oòrùn àárọ̀ bá ti yọjú, wọn á tẹ́ aṣọ sẹ́nu ọ̀nà, wọn á gbé ọmọbìnrin mi lé e, wọn á máa fi àdí pa á lára. Èmi á fara ti ògiri, oorun á máa kùn mí, ọmọ á máa tàn yòò. Ó pupa débi pé àwọn ará ilé ń béèrè ẹni tó jọ. Èmi tí mo dúdú báyìí, mo rò pé Ọlọ́run kàn fẹ́ fi ọmọ pupa ṣe mí lóge ni.

Ẹyinjú rẹ̀ náà pọ́n bí ìbẹ́pẹ, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ní oòrùn yóò mú un lọ. Ìgbẹ́ rẹ̀ sì funfun bí ẹ̀kọ. Tí wọ́n bá ti tú ìlédìí, wọn á pè mí wá wò ó.

"Ìyàwó mi, ọmú ẹ dáa. Wàrà gidi lọmọ ń yà yìí."

Mo gbà. Mo tilẹ̀ fi yangàn sí ìyá ọmọ kan ní yàrá kejì, tí ìgbẹ́ ọmọ tirẹ̀ jẹ́ yẹ́lò. Ojú ń tì mí tí mo bá rántí.

Nígbà tí ọmọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lápá Ẹgbẹ́dá. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá nǹkan kan ń yọ wá lẹ́nu. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń fọ ìlédìí láti ọjọ́ ìkómọ, ló dáhùn.

"Ìtọ̀ ẹ̀ nìkan ni o, nọ́ọ̀sì. Ó ń sọ aṣọ di pupa, ọṣẹ ò ràn án. Ìgbẹ́ ẹ̀ ò ní wàhálà ṣá, omi lásán ti tó o."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. "Màmá, ẹ tú ìlédìí yẹn kí n rí i."

Ó wò ó pẹ́. Ó wá ṣàlàyé fún wa jẹ́jẹ́ pé òróòro láti inú ẹ̀dọ̀ ló ń fún ìgbẹ́ ní àwọ̀. Bí ọ̀nà tó ń gbà bọ́ sínú ìfun bá dí, ìgbẹ́ á funfun, ìtọ̀ á pọ́n, ẹ̀dọ̀ á sì máa bàjẹ́. Ó ní iṣẹ́ abẹ wà fún un, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ bó bá ti pẹ́ jù, nítorí náà kí a má ṣe sùn sílé kí a tó dé ilé ìwòsàn ńlá.

Níbẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó má mu ọmú fún wákàtí mẹ́rin kí wọ́n tó ya àwòrán inú rẹ̀. Ó ń ké, ọmú mi ń kán sára aṣọ, mo jókòó bí ẹni tó ń lálàá. Àpò òróòro rẹ̀ kò hàn nínú àwòrán. Kó tó pé oṣù méjì ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì rí i pé ọ̀nà náà dí lóòótọ́.

Ó ti ń lọ sí ilé ìwé báyìí. A ṣì ń lọ rí dókítà, dókítà kò sì ṣèlérí kankan fún wa. Ìyá ọkọ mi kò tíì dárí ji ara wọn pé àwọn pe àìsàn ní wàrà. Mo ti sọ fún wọn títí pé ẹnu wọn ló gba ọmọ náà là, wọn ò gbà. Ká ní èmi ni mo ń fọ ìlédìí ni, mi ò ní ka ìtọ̀ yẹn sí ohun tó yẹ kí n sọ, inú mi ìbá máa dùn ṣáá títí ó fi máa pẹ́ jù.