Ìkéde Iṣu Nadège

Ọdún kẹrìnlá tí Nadège ti ń ta iṣu ní Bantè nìyí, ẹnikẹ́ni ò sì tíì pè é ní onírọ́. Ní oṣù keje, wọ́n pe àwọn oníṣòwò sí Savalou, kí wọ́n wá kọ́ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ tó ń ronú bí ènìyàn lórí fóònù.

Ghislain tó ń kọ́ wọn ní kí kálukú jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ ìkéde ọjà rẹ̀. Nadège sọ pé òun ní iṣu tó dára. Ẹ̀rọ kọ ìkéde gígùn ní èdè Faransé. Nadège ò lè ka ìdajì rẹ̀, síbẹ̀ ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà rẹ̀.

Fóònù dún. Màmá Alice ni, ẹni tó ń ra iṣu jù lọ́wọ́ rẹ̀ ní Savalou.

“Nadège, iṣu tuntun lo ń tà? Ọdún iṣu ṣì ku oṣù kan. Àwọn àgbà wa ò tíì tọ́ ọ wò, ìwọ ti ń polówó. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi nílùú ni?”

Nadège ò ní iṣu tuntun kankan. Iṣu èṣí ló ní. Ó na fóònù sí Ghislain, ẹni tó ka ìkéde náà, tó sì dá Màmá Alice lóhùn:

“Ẹ̀rọ ló fi ‘tuntun’ kún un, Màmá. Kò mọ ọdún yín. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.”

Nadège pa ìkéde náà rẹ́, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ sínú fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà náà: “Iṣu èṣí ni o. Ẹ̀rọ ló kọ irọ́, èmi ni mo fi ránṣẹ́.”

Ó ń wo fóònù, títí Màmá Alice fi dáhùn.

“Kó ogójì wá. Iṣu èṣí a máa hù lórí. Èyí tí kò bá hù, iṣu tuntun ni, iwájú àwọn àgbà ni wàá ti jẹ ẹ́.”

Nadège ò rẹ́rìn-ín. Àná ló já gbogbo ohun tó hù lórí iṣu rẹ̀ dànù, kí wọ́n má baà bàjẹ́.