Òkété Tí Mo Gbé fún Bàbá Káfíńtà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ààyè ṣì wà ní Kúje-Àmùwò láti dáko sí ẹ̀yìnkùlé, ìyá mi gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo dé etí gọ́tà ńlá tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí irú oko bẹ́ẹ̀: ọmọ ló ń ro ó, ọmọ ló ń bomi rin ín, ọmọ tó bá sì fi iṣẹ́ ṣeré, ìkúnlẹ̀ ni. Èmi kúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi yi bíi pọ̀nmọ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá se àgbàdo tútù tó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, mo máa ń gbàgbé gbogbo rẹ̀.

Lọ́dún kan, òkété wọ oko náà. Wọ́n ń wa ẹ̀gẹ́ jẹ, wọ́n ń wó àgbàdo tí kò tíì gbó. Ìyá mi dẹ tàkúté, adìẹ wa ló mú. Ó wá ní ká fi ebè tó wà létí gọ́tà sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n jẹ tiwọn, ká jẹ tiwa. Bàbá mi, tó jẹ́ mẹkáníìkì ní Máìlì Tù, ní òun ò lè máa dáko fún òkété. Wọ́n fà á títí, àfi lọ́jọ́ tí bàbá mi gbọ́wọ́ sókè pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ òkété nínú ilé mọ́.

“Eku ń gbọ́,” ló wí.

Mi ò mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ẹ̀yìn ìgbà ni mo tó mọ̀ pé àwọn àgbà kì í dárúkọ oògùn eku nínú ilé, kí eku má baà gbọ́ kó sì sá fún un. Bàbá mi po tirẹ̀ mọ́ ẹja gbígbẹ, ó fi sẹ́nu ihò, kò sọ fún ìyá mi pàápàá.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo bá òkété ńlá kan tó ti kú sáàárín ebè. Bàbá Káfíńtà ló wá sí mi lọ́kàn. Aládùúgbò wa ni, òun ló kan àpótí ìjókòó mi, abọ́ ọbẹ̀ wa kì í sì í pẹ́ dé ilé wọn. Àìsàn ti mú un lọ́sẹ̀ mélòó kan, ó ní òkété nìkan ló ń wu òun jẹ. Mo gbé e lọ fún un, ó ṣàdúrà fún mi títí. Ìyàwó rẹ̀ fi iná jó irun òkété náà, ó ju ìfun rẹ̀ fún ajá wọn.

Nígbà tí bàbá mi dé lọ́sàn-án, mo fi ọ̀rọ̀ náà yangàn fún un. Ó sá jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, mo sá tẹ̀ lé e. Ajá náà ti wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ̀n, ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Nínú ilé, Bàbá Káfíńtà ti fọwọ́, àwo ti wà níwájú rẹ̀. Bàbá mi já àwo náà gbà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ dákun, oògùn ló pa á. Mi ò sọ fún ẹnì kankan.”

Bàbá Káfíńtà wo ajá rẹ̀, ó wò mí, ó wá kọjú sí bàbá mi.

“Ó yẹ kó o sọ fún ọmọ.”

Wọn ò nà mí lọ́jọ́ yẹn. Ó wù mí kí wọ́n nà mí, nítorí ìbẹ̀rù tó wà nínú mi ju ẹgba lọ.

Mo ń gbé ní Fẹ́sítáàkì báyìí, mo gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, eku sì ti ń bẹ̀ ẹ́ wò. Láyé ìgbà yẹn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ra oògùn eku. Lónìí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀ ní òpópónà wa, kò sì tíì sí eku tó gbọ́ ọ tó kó lọ. Ọkọ mi ní ká rà á. Mo kọ̀. Mo pe àwọn ọmọ mi, mo sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, a sì fi nẹ́ẹ̀tì yí ẹ̀fọ́ náà ká. Èyí tí eku bá ṣì rí jẹ, a ó tún un gbìn. Bàbá Káfíńtà pẹ́ láyé lẹ́yìn ọjọ́ náà, ó ń kí wa, ó ń bá wa ṣeré, ṣùgbọ́n títí tó fi kú, kò jẹ oúnjẹ ilé wa mọ́.