Adìẹ Tí Mo Fi Wo Ìwà Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Olódì-Àpápá, ẹ̀yin ọmọ mi, láyé ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi ń kó èrò bọ̀ láti Gáná, ẹ̀rù kan ṣoṣo ló máa ń bà mí: pé ìyá mi ti gbàgbé mi. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí òwò aṣọ gbé e lọ sọ́hùn-ún, tó fi mí sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Mo ti pé mẹ́jọ kí lẹ́tà tó dé pé ó ń bọ̀, òun àti ọmọ tuntun tó bí níbẹ̀.

"Màmá ẹ ń bọ̀ o! Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ṣíìpù wọn á ti dé wọ́ọ̀fù!" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pariwo. Gbogbo ilé ń yọ̀, àyà tèmi ń já. Ó ti ní ọmọ lọ́wọ́. Kí ló tún fẹ́ fi mí ṣe?

Tíṣà kan háyà yàrá nílé wa, tó máa ń jókòó wo ẹranko, tó ń kọ ìwà wọn sínú ìwé: ewúrẹ́ tó lé èkejì kúrò nídìí èèpo iṣu, ajá kékeré tó ń tẹríba fún ajá ńlá. Ó ní ẹni tó bá wo ẹranko dáadáa á mọ ìdí tí ọmọ aráyé fi ń hùwà bí wọ́n ṣe ń hù ú. Mo bi í bóyá ìyá tó ti pẹ́ tí kò rí ọmọ rẹ̀ ṣì lè dá a mọ̀.

"Má méfò," ló wí. "Dán an wò, kó o kọ ohun tó o bá rí sílẹ̀."

Ni mo bá jí òròmọdìẹ kan gbé lára ọmọ adìẹ ilé wa, mo fi í pamọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, mo ń fún un ní ọkà bàbà àti omi. Lọ́jọ́ kẹjọ, mo dá a padà. Ìyá rẹ̀ fi àgógó sọ ọ́ lórí, ó lé e dé ìdí gọ́tà. Mo tún gbé e padà, ó tún lé e. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé: kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ìyá tèmi náà ò ní dá mi mọ̀.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé, a lọ sí èbúté; ẹ̀gbọ́n ìyá mi wọlé lọ béèrè ẹrù, ó ní kí n dúró lẹ́nu géètì. Àwa ọmọ pọ̀ níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Obìnrin kan tó pọnmọ yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó fi oríkì mi pariwo, ó sáré tọ̀ mí wá láàárín gbogbo ọmọ wọ̀nyẹn. Ó mọ̀ mí!

Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n. Mo wo ojú rẹ̀ títí, àlejò ni. Mo fà sẹ́yìn, mo kúnlẹ̀: "Ẹ káàbọ̀, mà." Ọwọ́ tó nà láti gbá mi mọ́ra dúró gbagidi. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Lóde òní, ìyá á wà lókè òkun, ọmọ á máa rí ojú rẹ̀ nínú fóònù kó tó sùn. Ó máa ń wù mí pé ká ti ní i nígbà náà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pe ìyá mi ní "mà" bí àlejò. Kò bá mi wí rí. Ó ń dáhùn lójoojúmọ́, bíi pé ohun tí ọmọ ń pe ìyá rẹ̀ nìyẹn.