Ẹsẹ̀ Kẹta Tí Eladio Gé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí Nurys ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kó má wulẹ̀ béèrè ilé ẹ̀kọ́ tó lọ. Ẹ̀ṣẹ́ Eladio ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Bí Eladio bá fọ́ kíbọ́ọ̀dù lónìí, Nurys á to eyín rẹ̀ padà lọ́la. Bó bá la ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, obìnrin yìí á tú u, á wá òmíràn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, á sì fi síbẹ̀ kí ọkọ tó ti ibi iṣẹ́ dé. Nítorí bí ọkọ bá dé tí kọ̀ǹpútà ò tíì ṣiṣẹ́, ara Nurys ló máa fi rọ́pò rẹ̀. Gbogbo àwa tí à ń gbé lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ṣúgà ní ìlú San Pedro la mọ̀. A máa ń gbọ́ ọ láti inú ilé wa, a ó sì yí ohùn rédíò sókè.

Ọkùnrin gìrìwò ni Eladio. Ìdí ẹ̀rọ tó ń fún ìrèké ló ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo àdúgbò ló sì fẹ́ràn rẹ̀. Á kí ọ tẹ̀ríntẹ̀rín, á bá ọ gbé sìlíńdà gáàsì wọlé láìdúró gba ọpẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, bó bá ti jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà tán, á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á di sójà. Òun àti ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú wa, àtàwọn kan tí kò fojú rí rí, tí wọ́n wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á jọ máa yìnbọn pa àwọn ẹlòmíràn nínú géèmù. Bó bá pa wọ́n níbẹ̀, ilé á tutù, á fa Nurys dìde, wọ́n á jó bachata láàárín yàrá. Bí wọ́n bá pa á níbẹ̀, á wá ẹni tó máa pa nílé.

Nígbà kan ló wá ra káàdì àwòrán tuntun, èyí tó ń jẹ́ kí ogun inú géèmù mọ́ kedere bí ẹni pé ojú pópó ló ti ń ṣẹlẹ̀. Káàdì náà gùn tó apá ọmọdé, ó wúwo bí bíríkì. Nurys gbé e wò, ó mi orí.

“Eladio, páwàpáàkì wa ò lè gbé eléyìí o.”

Páwàpáàkì ni àpótí irin kékeré tó ń gba iná láti ara ògiri, tó ń pín in fún gbogbo ohun tó kù nínú kọ̀ǹpútà.

“Kí ló dé tí ò ní lè gbé e?”

“Oúnjẹ adìyẹ lo fẹ́ fi bọ́ màlúù yẹn.”

“Ta ló bi ọ́? Gbé e sínú rẹ̀, kó o lọ se kọfí.”

Ó gbé e sínú rẹ̀. Eladio jókòó, ó wọ ogun. Nígbà tí ìbọn ń dún lákọlákọ, pàù! gbogbo rẹ̀ kú, ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìdí ìkòkò. Eladio yí padà lórí àga, ó fọ́ Nurys létí. Ìgbátí náà dún dé ilé wa.

“O ti yọ nǹkan gidi inú rẹ̀ tà! Olè!”

Ó fi irun orí wọ́ ọ lọ sí ilé ìdáná, ó ń gbá orí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì, ó ń bi í pé ta ló tà á fún. Nígbà tí apá ń ro ó, ó ní, “Bó bá tún kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ẹ̀yin méjèèjì ni màá gbé jù sódò Higuamo. Kọ̀ǹpútà yẹn ni màá so mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, kó o lè tètè rì.”

Láti ọjọ́ náà, inú kọ̀ǹpútà yẹn ni ẹ̀mí Nurys wà. Eladio kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Egungun ìhà obìnrin yìí kan ṣì wà tí kò jinná dáadáa. Bí ọkọ bá ti jáde, á tẹ́ aṣọ sílẹ̀, á tú u. Ó fẹ́ eruku inú àwọn fáànù rẹ̀. Ó yọ àwọn pátákó pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dán wọn wò. Ó fi ìpara funfun tuntun pa ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà lórí kó má baà gbóná jù. Kò yéé kú. Ó wá yọ káàdì tuntun, ó dá ti àtijọ́ padà: kò kú mọ́. Ó tún ki tuntun bọ̀ ọ́: pàù! Ohun tó ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ náà ni. Oúnjẹ ni kò tó màlúù.

Ó bá mú ọ̀nà ilé Casilda pọ̀n. Komádre rẹ̀ ni Casilda, òun ló gbé Yokasta ọmọ Nurys níjọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, kó tó dàgbà tó lọ sí olú ìlú. Ẹ̀gbọ́n Casilda ti ṣí ilé géèmù rí, ẹrù ibẹ̀ ṣì kún ẹ̀yìnkùlé Casilda. Casilda yọ páwàpáàkì ńlá kan jáde, ṣùgbọ́n kò tíì fà á lé e lọ́wọ́.

“Komádre, wá máa sùn lọ́dọ̀ mi.”

“Bí mo bá ń sùn lọ́dọ̀ rẹ, ta ló máa tún un ṣe?”

“Kó fi orí rẹ̀ tún un ṣe! Wo etí rẹ, ó wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù.”

“Bó bá ti ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ á dùn.”

“Hẹn-ẹn. Ìgbà tẹ́ ẹ ra àga tuntun náà, o ní inú rẹ̀ á dùn. Àga ọ̀hún ló fi lù ọ́.”

Nurys rẹ́rìn-ín, ó di etí mú, nítorí ẹ̀rín ń dùn ún. Ó gbé páwàpáàkì náà lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló fi í sínú kọ̀ǹpútà. Wáyà tó bá a wá tuntun, ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì pé mẹ́ta. Ihò méjì ló wà lára ògiri ilé wa. Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó ń torí ìyẹn pe oníná. Ẹ̀mú la máa ń mú, a ó fi lọ́ ẹsẹ̀ kẹta yẹn, a ó já a dànù bí ẹní já ẹsẹ̀ akàn. Fíríìjì ilé mi gan-an, arọ ni.

“Má tíì gé e,” ni Nurys wí. “Ẹ̀gbọ́n Casilda ní ẹsẹ̀ yẹn ló ń gbé iná burúkú lọ sínú ilẹ̀. Jẹ́ kí n wá wáyà tí mo máa rì mọ́lẹ̀ fún un.”

Eladio ti mú ẹ̀mú. “Ṣé ó fẹ́ rìn ni? Kọ̀ǹpútà tó ń jókòó sójú kan, kí ló fẹ́ fẹsẹ̀ ṣe?” Ó lọ́ ọ, ó já, ó jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó jẹun tán, ó wọ ogun. Nurys dúró nídìí ààrò, ó ń dín ẹran sàlámì, etí rẹ̀ tó dára wà lẹ́yìn. Ìbọn ń dún. Àdó olóró ń bú. Kọ̀ǹpútà ò kú! Ó ń mí gììgìì bí ẹran tó yó. Nurys kúnlẹ̀ ọpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú géèmù gba ẹ̀yìn yọ sí Eladio, ó yìnbọn fọ́ ọ lórí. Àwọn ikọ̀ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

“Èéfín sàlámì rẹ ló bò mí lójú!”

Bàtà iṣẹ́ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fi gbá ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà níbi tí wáyà ti wọlé, àpótí náà ṣubú fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, iná ṣì ń tàn nínú rẹ̀. Ó wá yí sí ìyàwó. Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ bà á lẹ́nu, eyín kan tú jáde, ẹ̀jẹ̀ já sínú àwo sàlámì. Ó ṣubú, Eladio gbá a níkùn. Ó gbìyànjú àtidìde, Eladio tún gbá a. Casilda ti sáré dé, ó ń lu ilẹ̀kùn.

“Eladio! Fi í sílẹ̀! Màá pe ọlọ́pàá o!”

“Pè wọ́n! Ọ̀gá wọn wà nínú ikọ̀ mi!”

Nígbà tó lù ú tó, tí òógùn bò ó, ó bọ́ bàtà, ó wọ balùwẹ̀, a sì ń gbọ́ bó ṣe ń da omi garawa lé orí.

Nurys rá dìde. Kí lẹ rò pé ó kọ́kọ́ ṣe? Ó lọ síbi kọ̀ǹpútà láti gbé e nàró. Ó ti mọ́ ọn lára. Bí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ṣe kan irin àpótí náà, nǹkan ta á bí ìjàlọ, ó sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ọpẹ́lọpẹ́ bàtà rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ibi tí Eladio gbá. Ẹnu ibi tí wáyà ti wọlé ti rì sínú, iná sì ti kan irin. Kò sí ẹsẹ̀ kẹta tó máa gbé e lọ sínú ilẹ̀. Gbogbo ara àpótí ti di iná.

Ó yíjú sí ògiri kó yọ púlọ́ọ̀gì, ni Eladio bá jáde, táwẹ̀lì nídìí, ẹsẹ̀ lásán, omi ń kán sílẹ̀.

“Kí lo tún ń ṣe fún un?”

“Má fọwọ́ kàn án! Iná wà lára rẹ̀.”

“Ìwọ ló máa pàṣẹ fún mi nínú ilé mi?”

“Eladio, mo fi Yokasta bẹ̀ ọ́, má fọwọ́ kàn án!”

“Màá gbé e báyìí, màá sì fi fọ́ orí rẹ.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Iná gbé e. Igbe tó fẹ́ ké há sí i lọ́fun. Eyín rẹ̀ pa pọ̀, ojú rẹ̀ yọ síta, ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹ̀rọ ìrèké tí òkúta há sí lẹ́nu. Òórùn awọ tó ń jóná gba yàrá. Casilda já ilẹ̀kùn wọlé, ó rí i, ó sì di Nurys mú lápá.

“Dúró! Komádre, dúró. Kì í ṣe ìwọ lo gé e.”

Nurys dúró. Púlọ́ọ̀gì wà nítòsí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ ń kán sí i láyà. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó, pé ó tó kí òun ronú kan odò Higuamo, kí òun sì ronú padà dé. Ó já apá gbà, ó di ike púlọ́ọ̀gì mú, ó fà á tu.

Eladio wó lulẹ̀ bí àpò ṣúgà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó, ìka ti ká. Ó mí. Ó la ojú, ó wo ìyàwó rẹ̀ tìtì, ó wá ń sọ nǹkan wẹ́rẹ́. Nurys tẹ etí tó dára mọ́ ọn lẹ́nu.

“Tún un ṣe,” ni Eladio wí.

Nurys mú sikirudiráfà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú kọ̀ǹpútà. Ọkọ rẹ̀ pa ojú dé, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó rò pé àtúnṣe ló ń ṣe. Káàdì tuntun ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà àwọn pátákó ìrántí, fáànù, àti páwàpáàkì Casilda tó ti bàjẹ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìrọ̀rí. Ó ní kí Casilda pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn fún Eladio. Ó gba orí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, ó jáde.

Owó tó ta káàdì yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ní iwájú ilé Casilda. Ìka Eladio ò nà dáadáa títí dòní, kò sì lè di ẹ̀ṣẹ́. Ó ránṣẹ́ títí pé kó wá, ó tiẹ̀ wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ni Casilda bá fi omi gbígbóná lé e.

Àwọn ènìyàn ṣì ń gbé kọ̀ǹpútà wá pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Nurys kì í tú u láìjẹ́ pé ó pààrọ̀ wáyà náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ obìnrin ló gbé e wá, tó sì ń sọ pé ó gbọ́dọ̀ yá kí ọkọ òun tó dé, Nurys kì í kọ́kọ́ wo kọ̀ǹpútà. Á fi ọwọ́ ká irun obìnrin náà kúrò, á wo etí rẹ̀.